Abẹ́rẹ́ Gíráámófóònù àti Ìgbọ̀nrìrì Inú Ilé

Ọ̀rọ̀ mi lónìí kan ẹni tó bá ṣì ń gbọ́ àwo olórin bíi I.K. Dairo tàbí Ebenezer Obey lórí gíráámófóònù. Bí orin bá ń hó, tí béèsì rẹ̀ ń dún gbùùgbùù, sípíkà la máa ń dá lẹ́bi. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ tábìlì wò.

Ipa tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lójú àwo kò fẹ̀ tó ìdá kan nínú 10 mìlímítà kan. Ìgbọ̀nrìrì tí olórin fi síbẹ̀ ni o, ti ọmọ tó sáré kọjá ni o, gbogbo rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń kó lọ. Sípíkà mi ilẹ̀, ilẹ̀ mi tábìlì, tábìlì mi abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ tún dá a padà fún sípíkà. Ẹ dán an wò: ẹ dá àwo dúró, ẹ sọ abẹ́rẹ́ lé e, ẹ rọra yí ohùn sókè, kí ẹ wá fi ìka kan tábìlì. Bí sípíkà bá dáhùn "gbì", tábìlì yín ti ń bá olórin kọrin nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ló ń ti òkúta mábù sábẹ́ ẹ̀rọ. Òkúta nìkan kò tó, torí ohun líle tó jókòó lé ohun líle kàn ń jẹ́ kí ìgbọ̀nrìrì kọjá ni. Ìwúwo gbọ́dọ̀ jókòó lé ohun tó rọ̀. Bí ẹrù bá tẹ sípíríǹgì wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1, bí ìgbà 5 ni yóò máa mì láàrin ìṣẹ́jú-àáyá. Bó bá wọlẹ̀ ní 4, ìgbà méjì ààbọ̀. Ìgbọ̀nrìrì tó yára ju ìyẹn lọ dáadáa kò ní ráyè kọjá, ṣùgbọ́n èyí tó bá a dọ́gba, ńṣe ni yóò máa pọ̀ sí i. Jẹnẹrétọ̀ tó ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan ń ta ilẹ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ìyẹn rọrùn láti dí. Ẹsẹ̀ ènìyàn lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípákó ló ń yọni lẹ́nu, nítorí kò yára. Nírú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ kan pákó mọ́ ògiri, kí ẹ gbé ẹ̀rọ lé e.

Edgar Villchur, ará Amẹ́ríkà, ló rí ojútùú tí mo fẹ́ràn jù. Lọ́dún 1961, ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Acoustic Research, gbé ẹ̀rọ kan jáde tí àwo àti apá abẹ́rẹ́ jọ wà lórí irin kan ṣoṣo, tí irin náà rọ̀ mọ́ sípíríǹgì mẹ́ta. Bó bá tilẹ̀ mì, àwo àti abẹ́rẹ́ jọ ń mì pọ̀ ni. Abẹ́rẹ́ kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ẹni tí kò ní irú rẹ̀, kó lọ bá fọ́káńáísà ra túúbù kẹ̀kẹ́ kékeré, kó fẹ́ ẹ díẹ̀, kó má le, kó wá gbé mábù lé e lórí.

Ẹ má náwó sórí irú ètò bẹ́ẹ̀ nítorí ẹ̀rọ DVD. Lésà ló ń ka ìyẹn, kò fara kan àwo, ó sì lè ṣàtúnṣe èyí tó bá ṣì kà. Bí ẹ bá ń fi prójẹ́ktọ̀ wo fíìmù, òun ló yẹ kí ẹ ṣọ́. Bó bá fi ìdá kan nínú 10 dígírì kan yẹ̀, àwòrán tó wà ní mítà 3 sí i ti yẹ̀ ní mìlímítà 5, ojú yóò sì rí i. Ẹ má fi kọ́ àjà tí àwọn ará òkè ń rìn lórí rẹ̀.