Ọ̀rọ̀ Lórí Gbígbin Magarya sí Ẹ̀gbẹ́ Ọgbà Wa

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́)



Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbé ilẹ̀ Haúsá yìí, ṣùgbọ́n àgbàlá ọ̀pọ̀ nínú wa ṣófo bí ọjà tó ti tú. Bí ẹnìkan bá béèrè ìdí rẹ̀, a ó ní ilé là ń lọ. Òótọ́ ni, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá ń gbé là á tún ṣe. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín kò mọ àgbàlá mìíràn.

Igi tí a fẹ́ kí ẹ gbìn ni èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní magarya. Igi kékeré ni. Ẹ̀gún rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ méjì méjì, ọ̀kan dúró ṣánṣán, èkejì tẹ̀ bí ìwọ̀. Nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ọgbà ló yẹ ẹ́, kì í ṣe ojú ọ̀nà. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bo gbogbo nǹkan, ni èso rẹ̀ wẹ́wẹ́ ń pọ́n, tí yóò di àwọ̀ ìyeyè, tí yóò sì wá pupa rúsúrúsú. Ó dùn ún wò, ó sì ṣe é jẹ. Nígbà tí ooru ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, yóò wọ́wé. Ẹ má rò pé ó ti kú, kí ẹ má lọ fi í dáná.

Bí a ti ń gbìn ín nìyí. Ẹ fọ́ kóró rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tàbí kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, kí ẹ sì gbìn ín nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ibi tí yóò dúró sí títí ni kí ẹ gbìn ín sí, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ jìn, kò fẹ́ kí a máa hú òun kiri. Ẹ fi nǹkan yí i ká, ewúrẹ́ fẹ́ràn ewé rẹ̀ púpọ̀. Bí ó bá ti so tán tí ó sì wọ́wé, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ kúrú. Ẹ̀ka tuntun ni ó máa ń so.

Wàyí o, èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ. Ẹ má gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgba àṣẹ. Nílé wa pẹ̀lú, ẹni tí a fún ní ilẹ̀ dáko kì í gbin obì tàbí kòkó láìsọ fún onílẹ̀, nítorí igi a máa di ẹ̀rí. Ẹ mú ẹlẹ́rìí méjì lọ bá onílé yín, kí ẹ sọ pé igi jẹ́ ti ilẹ̀, èso jẹ́ ti ẹni tí ń gbé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kò sọ lónìí lè di ẹjọ́ lọ́la.

Bákan náà, ewé magarya ni àwọn Mùsùlùmí ibí fi ń wẹ òkú. Bí aládùúgbò bá wá já ewé lọ́jọ́ ọ̀fọ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ bá a kẹ́dùn, ẹ má sì gba kọ́bọ̀.

Bí a bá padà sílé lọ́jọ́ kan, kí wọ́n lè sọ pé Yorùbá gbé ibí rí, wọn kò sì fi í sílẹ̀ bí wọ́n ti bá a.

Ire o.