Àánú Wà Nínú Wọn, Ẹsẹ̀ Wọn Kò Dúró

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ti poli, ẹ jẹ́ ká wo ìtàn aláàánú ará Samáríà láti ìhà mìíràn.

Ní 1973, John Darley àti Daniel Batson tẹ ìwádìí kan jáde nípa 40 akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù ní Princeton, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sí ilé kejì láti sọ ọ̀rọ̀ ṣókí. Ọ̀rọ̀ ará Samáríà yìí gan-an ni àwọn kan fẹ́ lọ sọ! Ní ojú ọ̀nà, ọkùnrin kan ká jọ sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń wúkọ́, ó ń kérora. Nínú àwọn tí àkókò ṣì wà fún, ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ló ràn án lọ́wọ́. Nínú àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ti pẹ́, ìdá 10 péré ni.

Ẹ má tètè pè wọ́n ní ìkà. Àwọn olùwádìí náà kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọjá lọ ni ọkàn wọn kò balẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n rí i, ó dùn wọ́n, ìkánjú ló borí. (Ẹni tó bá ti gbé fáìlì tí ọ̀gá ń dúró dè rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ.)

Ní 1981, Batson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kansas tún jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wo obìnrin kan tí wọ́n gbà pé iná mànàmáná ń gbé. Àwọn tí ìdààmú ti ara wọn gbà lọ́kàn, bí àyè bá ti wà láti kúrò, ọ̀pọ̀ wọn a kúrò. Àwọn tí àánú obìnrin náà ṣe sì fara mọ́ ọn láti jìyà dípò rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ lè lọ.

Nítorí náà, kíkó ọkàn níjàánu kì í ṣe pé kí àyà rẹ má já. Bí ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì bá ń sunkún lóru ọjọ́ tí ìdánwò kù ọ̀la, sọ fún ara rẹ pé, “Ẹ̀rù ìdánwò ló ń bà mí.” Mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, wo ojú rẹ̀, kí o bi í pé, “Kí ló ṣẹlẹ̀?” Bí agbára rẹ kò bá ká a, lọ jí ẹlòmíràn, kí ẹ jọ dúró tì í.