Ká Tó Fúnni, Ká Kọ́kọ́ Bèèrè

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn olùtọrẹ wa sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ní Ketu)

  



Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa dìde, ó bèèrè ọ̀rọ̀ kan tó ká mi lára. Ó ní kí ló dé tí akọ̀wé ń béèrè owó ọkọ̀ àti owó ìwé fún àwọn tí yóò máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, nígbà tí ebi ń pa ọmọ òrukàn. Ó ní owó tí a fẹ́ fi tẹ fọ́ọ̀mù, ìrẹsì ni kí a fi rà. Ọ̀pọ̀ nínú yín pàtẹ́wọ́ fún un. N kò bínú, nítorí ọ̀rọ̀ àgbà náà mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n wọ́n fún mi láàyè lónìí láti fèsì, èmi náà yóò sì sọ tẹnu mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Mọ̀dínà. Ní ayé Sàídínà Umar ọmọ Khattab, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ìwé àkọsílẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní dìwáàn, tí orúkọ àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ wà nínú rẹ̀. Òfin ìgbà náà ni pé ọmọ tí wọ́n bá ti já lẹ́nu ọmú nìkan ló ní ìpín. Ní òru ọjọ́ kan, Sàídínà Umar àti Abdur-Rahman ọmọ Awf ń ṣọ́ àwọn oníṣòwò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú, ni ó bá gbọ́ igbe ọmọ. Ó lọ bá ìyá ọmọ, ó ní kí ó tọ́jú rẹ̀. Kò pẹ́, ọmọ tún ké, ó tún lọ. Nígbà tó yá, ó bá obìnrin náà wí pé irú abiyamọ wo lèyí. Obìnrin náà kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó dá a lóhùn pé òun ń já ọmọ náà lẹ́nu ọmú tipátipá ni, torí pé Umar kì í fún ọmọ tó ṣì ń mu ọmú ní nǹkan kan. Ìtàn sọ pé nígbà tó ń kírun Àsùbáà fún àwọn èèyàn, ẹkún kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tó ń ké. Lẹ́yìn ìrun, ó ní kí wọ́n kéde pé kí ẹnikẹ́ni má kánjú já ọmọ lẹ́nu ọmú mọ́, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti bí ọmọ ni ìpín rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó sì kọ̀wé bẹ́ẹ̀ sí gbogbo àgbègbè.

Ẹ wò ó, owó wà, àánú wà lọ́kàn olórí, ìwé orúkọ wà, síbẹ̀ òfin tí wọ́n ṣe láti ran ọmọ lọ́wọ́ ló wá ń gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní ìwádìí lórí ètò ìjọba lóde òní, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ: kí a lọ bá ẹni tí a ṣe ètò fún, kí a bi í bóyá ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí a sì wò ó bóyá kò ti ṣe ìpalára fún un.

Ẹ má sì sọ pé ayé àtijọ́ nìyẹn. Ní àgbègbè Busia ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, láàárín ọdún 1995 sí 2000, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Michael Kremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ mọ ohun tó ń ran ọmọ ilé ìwé lọ́wọ́ ní tòótọ́. Wọ́n fún àwọn ilé ìwé kan ní ìwé kíkà lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kò fún àwọn mìíràn, wọ́n sì fi èsì wọn wéra. Àwọn ọmọ tí orí wọn ti pé tẹ́lẹ̀ nìkan ni ìwé náà ràn lọ́wọ́, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, èdè kẹta sì ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ níbẹ̀. Ẹ rántí pé ìwé kíkà ni àwa náà máa ń rà jù o! Nígbà tí wọ́n wá fún àwọn ọmọ ní oògùn aràn, tí owó rẹ̀ kéré púpọ̀, pípa ilé ìwé jẹ dínkù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti jiyàn lórí apá kan nínú ìṣirò náà, bí ìmọ̀ sì ti ń rí nìyẹn. Ní 2019, Kremer pẹ̀lú Abhijit Banerjee àti Esther Duflo gba ẹ̀bùn Nobel lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ń bọ̀ nílé wa báyìí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a pín báàgì, ìwé àti aṣọ ilé ìwé fún àwọn ọmọ wa ní oṣù September. Nígbà tó fi máa di December, olùkọ́ kan sọ fún mi pé àwọn kan nínú wọn kò parí táàmù. Kí ni a sọ? A ní àwọn ìyá wọn ló kó wọn lọ kiri ọjà ní Mile 12. Èmi fúnra mi sọ ọ́ nínú ìpàdé yìí, pẹ̀lú ohùn líle, mo sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn opó wọ̀nyẹn lónìí.

Lẹ́yìn náà ni méjì nínú àwọn arábìnrin wa mú ìwé kékeré lọ́wọ́, tí wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan ní Agiliti títí dé Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Mo tẹ̀lé wọn lọ́jọ́ kan. Opó kan fa báàgì tí a fún ọmọ rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Ó ní, “Aàfáà, omi ló ń lọ sílé ìwé lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe ọmọ.” Ní October ni omi wọlé. Wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sí ilé ìwé tó gba ọmọ ní àárín táàmù, nígbà tí wọ́n sì fi padà, ìdánwò ti kọjá. Ilé tó tẹ̀lé e sọ bẹ́ẹ̀, èyí tó tẹ̀lé ìyẹn náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ibo ni omi yẹn ti ń wá? Kì í ṣe òjò Ketu nìkan. Dáàmù Ọ̀yán wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ẹ̀bá Abẹ́òkúta. 1983 ni wọ́n ṣí i, Àjọ Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ló ń bójú tó o. Bí òjò bá pọ̀ tí dáàmù kún, wọ́n ní láti tú omi sílẹ̀, omi náà yóò gba Odò Ògùn wá, yóò kọjá ní Ìṣẹ̀rì, yóò sì dé ẹ̀yìnkùlé wa kó tó wọ ọ̀sà. Bó ti rí ní October 2010 nìyẹn, tí àwọn ará Ajégúnlẹ̀ sá kúrò nílé. Ẹni tó ń kó ìdọ̀tí kúrò nínú gọ́tà, iṣẹ́ rere ló ń ṣe, ṣùgbọ́n omi tó ti Ọ̀yán bọ̀ kò mọ gọ́tà kankan. Àwọn tó ń wọn odò mọ èyí, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NIHSA sì ti ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé jáde lọ́dọọdún láti 2013. Àwa ni a kì í kà á.

Bí ẹ bá ní ìjọba ni kó kà wá, kì í ṣe àwa, mo gbà. Ṣùgbọ́n ní 2006, ìjọba àpapọ̀ kà wá ní Èkó, ó ní a lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà kà, ó ní a lé ní mílíọ̀nù 17. Ìkànìyàn tí wọ́n múra fún ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Nínú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò wá sọ iye ọmọ òrukàn tó wà ní òpópónà kan ní Agiliti fún wa?

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Ní oṣù August ọdọọdún, kí àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún máa lọ sí àwọn òpópónà tí omi ń wọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ, ilé ìwé rẹ̀, àti ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń kó lọ bí omi bá dé. Ní December, kí wọ́n padà lọ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Fún àwọn ọmọ tí ilé wọn wà ní ọ̀nà omi, kí a fi ìdajì ẹrù wọn pamọ́ di January, kí a sì ti bá ọ̀gá ilé ìwé kan ní Ikosi sọ̀rọ̀ ṣáájú, kó lè gbà wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ní ti owó rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sàká wà nínú ìsọ̀rí mẹ́jọ tí Ọlọ́hun kà sínú Sūratu-t-Tawbah, ipò kẹta ni wọ́n sì wà. Ẹ̀tọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn Aàfáà wa kò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí orúkọ òṣìṣẹ́ sàká bá mu lónìí, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìjiyàn wọ owó ọmọ òrukàn. Nítorí náà, inú owó sàráà ni kí a ti mú un, kí a má fọwọ́ kan sàká rárá. Akápò ti ní ìṣirò rẹ̀ lọ́wọ́, yóò kà á fún yín.

Fọ́ọ̀mù ọgọ́rùn-ún wà nínú àpò mi yìí, owó ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Alhaja tó ń ta ata ní Mile 12 ti ṣèlérí pé òun yóò mú àwọn arábìnrin wa wọ àwọn ilé tó mọ̀. Ẹni tó bá mọ opó tó ń gbé létí odò, kó dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé. Bàbá tó bá mi wí ní ìjẹta, ìwájú ni mo ti rí wọn yẹn, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀kan.