Ilé Kọ̀nténà: Òkè Ni Àyè Wà

Kọ̀nténà tí a ń fi ṣe ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì l'Ókìtìpupa ṣeé gbé bí ilé. Ṣùgbọ́n èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, inú rẹ̀ kò fẹ̀ tó 8. Nítorí náà, òkè ni kí ẹ máa wò: ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì ga kí àpótí aṣọ lè wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ sì kan pẹpẹ dókè àjà.

Ooru gan-an ni ìṣòro. Irin ni! Ẹ gé fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ fi òrùlé páànù bò ó lókè, kí ó yọ síwájú di ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ la ó ti máa dáná, tí a ó ti máa gbàlejò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà gé òpó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ibẹ̀ ni agbára kọ̀nténà wà.