Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Yíyan Òkè Síkì tí ó Bá Ẹsẹ̀ Ẹni Mu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí ó bá rìn dé àwọn òkè Alps ní ilẹ̀ Yúróòpù, tàbí òkè Rocky ní Amẹ́ríkà, tàbí erékùṣù Hokkaido ní ilẹ̀ Japan, ní àkókò òtútù, yóò rí ohun ìyanu. Yóò rí àgbà ọkùnrin, yóò rí ìyá ọlọ́mọ, yóò rí ọmọ ọdún márùn-ún, tí gbogbo wọn de pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ bàtà, tí wọ́n sì ń yọ̀ láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀ lórí òjò dídì funfun báláú. Síkì ni orúkọ pátákó náà. Orúkọ yìí kan náà ni a sì ń pe eré ọ̀hún. Láyé àtijọ́, àwọn ará Norway àti àwọn ará ilẹ̀ olótùútù mìíràn kò fi síkì ṣe fàájì; òun ni wọ́n fi ń rìnrìn àjò, òun ni wọ́n sì fi ń ṣọdẹ. Lóde òní, ó ti di ìgbafẹ́ tí àwọn ènìyàn ń ná owó gọbọi lé lórí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì ṣe ti àwọn òyìnbó nìkan mọ́. Nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí ó fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ibùgbé, a rí àwọn tí ilé-ìwé ń kó ọmọ wọn lọ sí orí òkè wọ̀nyí ní ìsinmi oṣù kejì ọdún. Ọmọ a dé, a ní àfi kí bàbá àti ìyá òun wá fojú ara wọn rí i. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀: òkè wo ni kí ìdílé náà lọ? Òkìkí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀lé. Wọ́n gbọ́ orúkọ ibi tí àwọn ọlọ́lá ń lọ, wọ́n sanwó, wọ́n débẹ̀, wọ́n sì rí i pé òkè náà ju agbára wọn lọ. Ẹnì kan a jókòó sí ilé ìtura títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí; ẹlòmíràn a fi agídí gòkè, wọn a sì gbé e sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tí ó yẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òkè tí ó bá ẹsẹ̀ ẹni mu ni ó yẹ kí ènìyàn yàn, kì í ṣe èyí tí ó bá ẹnu ayé mu.

Ìbéèrè kìn-ín-ní tí ó yẹ kí ènìyàn bi ara rẹ̀, láìṣe ẹ̀tàn, ni pé níbo ni ọgbọ́n òun dé nínú eré yìí. Àwọn tí ń tọ́jú òkè ti fi àmì sí ojú ọ̀nà kí olúkúlùkù lè mọ tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń lò: àwọ̀ ewé ni ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, àwọ̀ aró ni èyí tí ó rọrùn, pupa ni èyí tí ó le, dúdú ni ti àwọn ọ̀jáfáfá. Ní Amẹ́ríkà, òbìrìkìtì aláwọ̀ ewé ni ó rọrùn jù; onígun mẹ́rin aláwọ̀ aró ni ó tẹ̀lé e; dáyámọ́ńdì dúdú ni ti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa; dáyámọ́ńdì dúdú méjì sì ni ibi tí ọ̀jáfáfá pàápàá ti ń ronú kí ó tó gbéra. Ṣùgbọ́n àwọ̀ nìkan kò tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi àwọn ojú ọ̀nà tirẹ̀ wé ara wọn. Nítorí náà, ojú ọ̀nà aláwọ̀ aró ní ibì kan lè le ju ti pupa ní ibòmíràn lọ. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà: kí a béèrè bí òkè náà ti dà sí, kí a tó béèrè bí ìlú rẹ̀ ti gbajúmọ̀ tó.

Ìlú Aspen, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba. Òkè síkì mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, ìwé ìwọlé kan náà ni wọ́n sì ń gbà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Aspen Mountain, èyí tí ó dúró lé ìlú lórí gan-an, kò ní ojú ọ̀nà aláwọ̀ ewé kankan. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ síkì kò ní nǹkan í ṣe níbẹ̀. Buttermilk, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1958, rọra dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Òun ni òkè akẹ́kọ̀ọ́. Snowmass, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1967, gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ àti ọ̀jáfáfá fi lè rí tiwọn níbẹ̀. Ní Aspen Highlands, àwọn akíkanjú a gbé síkì lé èjìká, wọn a fi ẹsẹ̀ gun òkè dé Highland Bowl, kí wọ́n tó yọ̀ sọ̀kalẹ̀ níbi tí ó dà gidigidi. Ọkọ̀ ọ̀fẹ́ ni ó ń gbé ènìyàn láti òkè kan dé òmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé Aspen ni òun ń lọ kò tíì sọ tán; Aspen wo? Bàbá lè wà ní Buttermilk kí ọmọ rẹ̀ wà ní Highlands, kí wọ́n sì pàdé nídìí oúnjẹ alẹ́ láìsí ìtìjú fún ẹnikẹ́ni.

Kí wá ni akẹ́kọ̀ọ́ nílò? Ilẹ̀ tí ó tẹ́ dáadáa nísàlẹ̀ òkè, àga orí wáyà tí kì í sáré jù, àti olùkọ́ tí ó gbọ́ èdè rẹ̀. Ní St. Anton ní ilẹ̀ Austria, Hannes Schneider bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àlejò ní síkì ní ọdún 1907. Ó la ẹ̀kọ́ náà ní ìpele-ìpele: akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ mọ bí a ti í kó imú síkì méjèèjì pọ̀ kí a sì fẹ ìdí wọn, kí eré lè dín kù; lẹ́yìn èyí ni yóò mọ bí a ti í yà; ìgbẹ̀yìn ni eré sísá. Ọ̀nà rẹ̀ tàn ká ayé, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn òkè tí ó yí St. Anton fúnra rẹ̀ ká le púpọ̀: ibi tí ẹ̀kọ́ ti ní òkìkí kì í ṣe ibi tí ó rọrùn jù fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni tí ó ti mọ bí a ti í yà tí a sì í dúró, tí ó sì fẹ́ rìn káàkiri, ni ibùdó ńláńlá tọ́ sí. Ní ilẹ̀ Faransé, Les Trois Vallées so Courchevel, Méribel àti Val Thorens pọ̀; ojú ọ̀nà tí ó wà níbẹ̀ tó 600 kìlómítà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jáde láàárọ̀ kí ó má gba ojú ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀mejì títí di ìrọ̀lẹ́. Kìkì pé kí ó máa wo aago: bí àga orí wáyà bá dáwọ́ dúró nígbà tí ó wà ní àfonífojì kejì, owó ọkọ̀ tí yóò gbé e padà yóò dùn ún.

Ní ti ọ̀jáfáfá, ewu tirẹ̀ ni pé ó ti mọ̀ ọ́n. Chamonix, níbi tí wọ́n ti ṣe Òlíńpíìkì ìgbà òtútù àkọ́kọ́ ní ọdún 1924, ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Vallée Blanche. Orí Aiguille du Midi, tí ó ga tó 3,842 mítà, ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà náà sì gùn tó nǹkan bíi 20 kìlómítà. Kò sí ẹni tí ń tún un ṣe, kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Kòtò jíjìn wà nínú yìnyín, òjò dídì sì lè bò ó mọ́lẹ̀ kí ojú má rí i. Afinimọ̀nà tí ó gbó nínú iṣẹ́ ni à ń gbà. Bákan náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá kúrò lójú ọ̀nà tí a ṣàmì sí, níbikíbi, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òkìtì òjò dídì lè ya lulẹ̀ lójijì, kí ó sì sin ènìyàn láàyè.

Lẹ́yìn ọgbọ́n ẹsẹ̀ ni ìwà àti ìfẹ́ ọkàn. Ẹni tí ó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ lè lọ sí Zermatt ní Switzerland, níbi tí a kò gba ọkọ̀ elépo láàyè. Ọkọ̀ ojú irin ni àlejò ń wọ̀ débẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ òjò dídì rírọ̀ bí òwú lè lọ sí Niseko ní Hokkaido, nítorí afẹ́fẹ́ tútù láti Siberia ń gba orí òkun kọjá, ó ń fa omi, ó sì ń dà á sórí òkè wọ̀nyẹn. Ẹni tí ó ń lo pátákó fífẹ̀ kan ṣoṣo dípò síkì méjì kò gbọdọ̀ lọ sí Alta tàbí Deer Valley ní Utah, nítorí wọn kì í gbà á láàyè níbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn àwùjọ, kí ó wá ẹgbẹ́ tí yóò bá a lọ. Ní Aspen ni àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́síkì aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ti péjọ ní ọdún 1973, lábẹ́ ìdarí Ben Finley àti Art Clay. Láti inú ìpàdé náà ni National Brotherhood of Skiers ti jáde.

Gíga òkè tún ṣe pàtàkì. Val Thorens wà ní 2,300 mítà, òjò dídì sì máa ń pẹ́ níbẹ̀. Kitzbühel ní Austria lẹ́wà, ó lókìkí, ṣùgbọ́n ìlú náà kò ga tó 800 mítà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ooru mú ní àwọn òkè Alps tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ibùdó kan tí kò ga fi ti ilẹ̀kùn nítorí àìsí òjò dídì. Ẹni tí ó wà ní Áfíríkà kò sì ní láti sọdá òkun dandan: Afriski wà ní orí òkè Maluti ní Lesotho, ní ibi tí ó ju 3,000 mítà lọ, láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ. Kò tóbi, ṣùgbọ́n ó tó fún ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òun gba eré náà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó kan ìdílé Yorùbá gidigidi. Bí òkè bá ti ń ga ni afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú ń fúyẹ́ sí i. Ìlú Aspen nìkan ti wà ní nǹkan bíi 2,400 mítà. Ibi gíga àti òtútù lè ta àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde jí lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Kódà ẹni tí ó jẹ́ AS, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá nílé, lè ní ìrora ńlá ní ìhà òsì ikùn nígbà tí ó bá dé irú ibẹ̀. Kí olúkúlùkù mọ irú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀, kí ó sì rí dókítà, kí ó tó san kọ́bọ̀ kan fún òkè èyíkéyìí.

Òkè kì í rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ènìyàn ni ó ń wọn ara rẹ̀ kí ó tó gùn ún. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ojú ọ̀nà aláwọ̀ ewé lọ́dún yìí lè dé ti pupa lọ́dún mẹ́ta sí i, nítorí orúnkún rẹ̀ ṣì wà ní pípé. Ẹni tí ó fi ìtìjú gun ti dúdú lè máà tún rí òmíràn gùn mọ́. Òjò dídì yóò tún rọ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Kí ẹsẹ̀ tí yóò tẹ̀ ẹ́ má ṣẹ́.