Ohun tí ó sọ Detroit di ìlú òtòṣì

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa)



Akọ̀wé wa ni ó ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìṣẹ́ tí ó ń bá àwọn ènìyàn fínra láàárín àwọn ìlú ńláńlá Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé kò sí òtòṣì lọ́hùn-ún. Àwọn mìíràn tí wọ́n sì ti rí àwòrán ilé tí ó ti di àlàpà níbẹ̀ a máa sọ pé ọ̀lẹ àti ìwà ìpáǹle ni ó fà á. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà. Ìlú kan ṣoṣo ni n ó mú ṣe àpẹẹrẹ, èyí ni Detroit ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ìlú òṣìṣẹ́ ni, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Bí irú ìlú bẹ́ẹ̀ bá lè wó, ó yẹ kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ béèrè ohun tí ó bì í wó.

BÍ ÌLÚ NÁÀ ṢE LA

Ní oṣù kìíní ọdún 1914, Henry Ford kéde pé òun yóò máa san dọ́là 5 lójúmọ́ fún iṣẹ́ wákàtí 8. Owó náà tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe àánú ni ó ṣe é. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń gbé kọjá níwájú ènìyàn láìdúró ti sú àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ wọ̀ọ́wọ̀ọ́. Nígbà tí òkìkí dọ́là 5 kàn, àwọn ènìyàn wá láti Poland àti Ítálì. Àwọn aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú wá láti gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí oko òwú àti ìbẹ̀rù kí a so ènìyàn kọ́ igi láìjẹ́jọ́ ti sú wọn.

Owó wà, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni ó ń pàṣẹ bí ó ti wù ú, títí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́tò, tí a ń pè ní UAW, fi dìde ní 1935. Ní ìlú Flint tí kò jìnnà sí Detroit, àwọn òṣìṣẹ́ General Motors jókòó sínú ilé-iṣẹ́ láti ọjọ́ 30 oṣù kejìlá 1936 títí di ọjọ́ 11 oṣù kejì 1937. Ọjọ́ 44 ni wọ́n fi kọ̀ láti jáde, títí ilé-iṣẹ́ náà fi gbà láti bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Ford ní tirẹ̀ lo àwọn jàǹdùkú láti lu àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ní oṣù karùn-ún 1937, kò sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn títí di 1941. Nígbà tí yóò fi di 1950, owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìtọ́jú àìsàn ti wọ inú àdéhùn. Ètò ìkànìyàn ọdún náà fi hàn pé ènìyàn 1,849,568 ni ó ń gbé Detroit. Òṣìṣẹ́ lásán ń kọ́lé, ó sì ń gun mọ́tò tí òun fúnra rẹ̀ tò.

IṢẸ́ KỌ́KỌ́ ṢÍ LỌ

Ní àkókò tí ojú ń dán yìí gan-an ni kòkòrò ti wọ inú igi. Láàárín 1947 sí 1963, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí Detroit pàdánù jẹ́ bí 134,000. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń kọ́ ẹ̀ka tuntun sí àwọn ìlú kéékèèké tí ó yí Detroit ká, lẹ́yìn náà sí gúúsù níbi tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò ti lágbára. Ẹ̀rọ tuntun sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ Packard, tí ó tóbi bí abúlé, ṣíwọ́ iṣẹ́ ní ìlú náà ní 1956.

Ẹ fi ọdún wọ̀nyí sọ́kàn. Àwọn kan a máa sọ pé rògbòdìyàn 1967 ni ó lé àwọn oníṣẹ́ lọ. Ní oṣù keje ọdún náà, ọlọ́pàá ya wọ ilé ọtí kan, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ó sì gba ọjọ́ 5. Ènìyàn 43 ni ó kú, aláwọ̀ dúdú ni 33 nínú wọn. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kó lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti ń lọ fún ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó ju òkò. Ẹ̀fín kì í ṣáájú iná.

Ọ̀RỌ̀ ILÉ

Ẹ ó béèrè pé: bí iṣẹ́ bá kó lọ sí ìlú kejì, kí ló dé tí òṣìṣẹ́ kò tẹ̀ lé e? Aláwọ̀ funfun tẹ̀ lé e. Láti 1934 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ṣe onídùúró fún owó tí báńkì ń yá ènìyàn láti fi ra ilé. Àdúgbò tí aláwọ̀ dúdú bá ń gbé, wọn a kùn ún ní pupa lórí àwòrán ilẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a má yá wọn lówó. Ní 1941, ẹnì kan tí ó fẹ́ kọ́lé fún aláwọ̀ funfun nítòsí àdúgbò aláwọ̀ dúdú ní Detroit ní láti mọ odi kan, gíga rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 6, gígùn rẹ̀ ìdajì máìlì, kí ìjọba tó fọwọ́ sí owó náà. Odi yìí ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Àdúgbò Black Bottom àti òpópó Hastings, níbi tí ṣọ́ọ̀bù àti ilé orin àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, ni ìjọba wó palẹ̀, wọ́n sì la ọ̀nà mọ́tò gbàràmù gba ibẹ̀. Ọ̀nà yìí ni ó wá rọrùn fún aláwọ̀ funfun láti máa wá ṣiṣẹ́ láàárín ìlú kí ó sì padà sùn sí ẹ̀yìn ìlú.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Walter Reuther tí ó jẹ́ ààrẹ UAW rìn pẹ̀lú Martin Luther King ní òpópó Detroit ní 1963. Ṣùgbọ́n nílé, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ aláwọ̀ funfun wọ ẹgbẹ́ àwọn onílé tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dènà aláwọ̀ dúdú kí ó má ṣe ra ilé ládùúgbò wọn. Ní ìdí iṣẹ́ pẹ̀lú, ìdí iná ìyọ́rin àti iyàrá ọ̀dà ni wọ́n ń kó aláwọ̀ dúdú sí. Ní 1968, àwọn aláwọ̀ dúdú ní ilé-iṣẹ́ Dodge Main dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, DRUM, wọ́n sì bá ọ̀gá àti ẹgbẹ́ jà pọ̀. Ohun tí ó bá ojú, ó bá imú: ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà ti ilẹ̀kùn ní 1980, kò béèrè àwọ̀ ẹni tí ó ń dá dúró.

ÀPÒ ÌLÚ GBẸ

Owó-orí ilé àti ti ilé-iṣẹ́ ni ìlú fi ń jẹun. Nígbà tí àwọn olówó lọ, owó-orí bá wọn lọ, ṣùgbọ́n òpópó, páìpù omi àti iná tí a ṣe fún nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù méjì kò lọ. Ní 1974, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà dájọ́ nínú ẹjọ́ Milliken àti Bradley pé a kò lè fi dandan mú àwọn ìlú tí ó yí Detroit ká láti da ilé-ẹ̀kọ́ wọn pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Báyìí ni ọmọ òtòṣì ṣe wà lójú kan.

Coleman Young, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ olórí ìlú náà, òṣìṣẹ́ mọ́tò àti ajàfẹ́gbẹ́ nígbà kan rí, bá àpò òfìfo nílẹ̀ ní 1974. Ní 1981, nítorí kí General Motors má baà lọ, ìlú wó ilé tí ó lé ní 1,000 ní àdúgbò Poletown. Ènìyàn tí ó lé ní 4,000 ni ó kó jáde. Iṣẹ́ 6,000 ni wọ́n ṣèlérí. Èyí tí ó wá kò tó bẹ́ẹ̀.

Ní 2009, General Motors àti Chrysler wọ gbèsè, ìjọba àpapọ̀ sì fi ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là gbé wọn dìde. Ní oṣù keje 2013, ìlú náà fúnra rẹ̀ wọ kóòtù onígbèsè pẹ̀lú gbèsè tí ó tó bílíọ̀nù dọ́là 18. Ta ni ó san án? Wọ́n gé ìpín 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìlú tí kì í ṣe ọlọ́pàá tàbí panápaná, wọ́n sì dá àfikún ọdọọdún dúró. Ní 2014, wọ́n gé omi ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé. Ní 2020, ènìyàn 639,111 ni ó kù.

Kò jẹ́ pé gbogbo nǹkan ṣókùnkùn. Ibùdókọ̀ ojú irin ńlá tí wọ́n tì pa ní 1988 ni Ford rà ní 2018, ó sì ṣí padà ní 2024. Ìṣirò ìjọba fi hàn pé ní 2023 iye ènìyàn ìlú náà pọ̀ sí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1957. Ṣùgbọ́n àárín ìlú ni ọ̀dà tuntun náà pọ̀ sí.

ẸKỌ́ TÍ Ó KÀN WÁ

Àkọ́kọ́, ìṣẹ́ kì í ṣe ìwà. Ẹni tí a ń pè ní òṣìṣẹ́ aláápọn ní 1950, àwọn ọmọ rẹ̀ ni a wá ń pè ní ọ̀lẹ. Iṣẹ́ ni ó yí padà, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Èkejì, ohun tí a bá gbà lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan, ilé-iṣẹ́ náà lè gbé e lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà kọ̀ láti ṣètò ìtọ́jú àìsàn fún gbogbo ènìyàn, ẹgbẹ́ wá gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá. Nígbà tí iṣẹ́ lọ, ìtọ́jú lọ. Ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè lọ́wọ́ ìjọba, fún ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ parí sí ẹnu géètì. Ilé, omi, ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà: gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń pè ọ́ ní ẹlẹgbẹ́ lójú iṣẹ́, tí ó wá ń lé ọ ládùúgbò, ọ̀gá ni ó ń bá ṣiṣẹ́.

Ẹgbẹ́ UAW kò kú. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, ó yanṣẹ́ lódì sí ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì gba àfikún owó ìpín 25 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún bíi mẹ́rin àti ààbọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ṣùgbọ́n igi gangan má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Detroit ni òkèèrè wa. Kí á wò ó dáadáa.

 Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ yóò máa gbèrú o.