Abẹ́rẹ́ Ìrora Ìbàdí: Ká Mọ Èyí Tá A Máa Gbà

Ìrora tó ń ti ìbàdí ta wá dé ẹsẹ̀ wa, iṣan tí nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ló sábà ń fà á.

Abẹ́rẹ́ ìdí lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì kọ́ ló kàn. Bí wọ́n bá ṣì í gún, ó lè ba iṣan náà gan-an jẹ́, kí ẹsẹ̀ máa wọ́ nílẹ̀.

Èyí tá à ń wí, dókítà ló ń fi X-ray wo ibi tó máa gún lẹ́yìn. Ó lè dín ìrora kù fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Ó ń gbé ṣúgà sókè; kí onítọ̀ ṣúgà sọ fún dókítà.

Bí ìtọ̀ bá há, tàbí tí abẹ́ bá kú, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni o!

Ìlera loògùn ọrọ̀.